Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Kò Rí Ọrùn

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí pèpéle ọlọ ìyá bàbá mi fi dé mi láyà, eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ, àwọn tuntun kò sì tíì hù. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àìsí eyín yẹn wà lára ohun tó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Oǹdó ni a wà, ní ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò. Bàbá mi ń dáko kòkó ní ọ̀nà jíjìn, ìyá mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èmi sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Èmi kò lọ. Ìyá àgbà ní ojú òun kò ríran rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, òun ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Báyìí ni mo ṣe pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti B. N kò bínú sí i. Ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò kéré.

Iṣẹ́ ìyá àgbà ni kí ó máa sín ìlẹ̀kẹ̀. Kì í tà á. Bí òwú ìlẹ̀kẹ̀ ẹnì kan bá gbó, tàbí tí ó bá já, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹni tó ni ín yóò jókòó, ìyá àgbà yóò da ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú àwo funfun, àwọn méjèèjì yóò jọ kà á. Bí wọ́n bá ti ka ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìyá àgbà a mú hóró àgbàdo kan, a fi sí etí aṣọ rẹ̀. Tí wọ́n bá kà á tán, a ta etí aṣọ náà ní kókó. Kókó yẹn kò gbọdọ̀ tú títí di ọjọ́ tí oníǹkan bá wá gba nǹkan rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọn yóò tún jọ kà á, hóró kan sí ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò rí ọjọ́ tí hóró ṣẹ́ kù tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀, àfi ìgbà kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, èmi ni mo sì fà á.

Oríṣiríṣi ìlẹ̀kẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Iyùn wà, sẹ̀gi wà, àkún wà. Ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà náà ti ń wọ ọjà nígbà náà, ó sì dà bí ojúlówó lójú ẹni tí kò mọ̀. Ìyá àgbà kọ́ mi bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. A ó fi ìlẹ̀kẹ̀ kan eyín iwájú jẹ́jẹ́. Bí ó bá jẹ́ dígí, yóò tutù, yóò sì dún, ohùn kékeré kan báyìí, bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ méjì bá kan ara wọn nínú omi. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, kò ní í sọ nǹkan kan. "Rọ́bà kò lóhùn," ni ìyá àgbà máa ń wí. Bí iyèméjì bá ṣì wà, a ó fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án. Rọ́bà yóò yọ́, yóò sì máa rùn.

Nínú gbogbo wọn, èyí tí ojú mi fẹ́ jù ni ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà. Dígí ni. Ó gùn tó oríkèé ìka kan, òdòdó wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, kò sí èyí tó ju orí ìṣó lọ nínú wọn. Mo rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Mo fi èékánná ha á títí, kò ṣí. Ìyá àgbà ń wò mí. Ó mú ilá kan nínú agbọ̀n, ó gé e lápá òkè, ó fi ojú rẹ̀ hàn mí. Ó gé e láàárín. Ó tún gé e lápá ìsàlẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní, bí ìràwọ̀.

"Ibi tó o bá gé ilá dé, ojú rẹ̀ wà níbẹ̀," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó yìí rí. Kò sẹ́ni tó kùn ún."

Ó ní ẹni tó ta tiwọn fún ìyá ìyá òun ló ṣàlàyé rẹ̀, pé ńṣe ni wọ́n to dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀, tí iná yọ́ wọn mọ́ ara wọn, tí wọ́n fà á gùn bí ọ̀pá, tí wọ́n wá ń rẹ́ ọ̀pá náà wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá. Mo bi í pé àwọn wo ló ṣe é. Ó ní àwọn tó ti kú ni. Ó ní láti ìgbà náà ló ti ń ti ọrùn kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá àgbà ní nínú irú rẹ̀. Ó wà láàárín sẹ̀gi tó fi sọ́rùn, ó sì máa ń bọ́ sí kòtò ọrùn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Òdòdó pupa ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Bó bá ń wẹ̀ pàápàá, kì í bọ́ ọ.

Obìnrin kan wà lójúkojú ilé wa tí a ń pè ní Ìyá Oníkòkó nítorí òwò tó ń ṣe. Opó ni. Ó lẹ́nu púpọ̀. Bó bá kí ọ láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kí o tó mọ̀ bóyá ó kí ọ ni tàbí ó bú ọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ń múra àtilọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan wá, gbogbo rẹ̀ aláràbarà, òdòdó búlúù lórí funfun. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì tún rí i mọ́. Òwú rẹ̀ ti jẹrà.

"Ìyá Onílẹ̀kẹ̀," ó ní, "èyí ni ìyá mi wọ̀ lọ sílé ọkọ. Òun ni mo wọ̀. Òun lọmọ mi máa wọ̀. Tí ọ̀kan bá dín níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọjú síbi ìyàwó."

Ìyá àgbà ní, "Jókòó ká kà á, kí ẹnu rẹ lè ríṣẹ́ ṣe."

Wọ́n kà á. Mọ́kànlélógún ni. Hóró àgbàdo mọ́kànlélógún wọ etí aṣọ, kókó sì dé e.

Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ìyá àgbà lọ ra òwú tuntun lọ́jà. Ó fi mí sílé. Àwo náà wà lórí pèpéle, ó da igbá bò ó. Ọmọ ilé kejì, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, dé láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ṣòkòtò kákí rẹ̀. Ó ṣí igbá, ó wò. Ó ní rọ́bà ni. Mo ní dígí ni. Ó ní ìyá òun sọ pé Ìyá Oníkòkó ti ta ojúlówó tipẹ́, pé ayédèrú ló fẹ́ fi sin ọmọ rẹ̀ lọ.

Mo ní irọ́ ni.

"Kí lo mọ̀?" ó ní. "O ò mọ̀wé."

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ló dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rọ́bà. Mo mú ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú àwo, mo gbé e sẹ́nu kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Erìgì ló bá pàdé. Kò dún. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Kò lóhùn," ó ní. Bó ṣe mọ gbólóhùn ìyá àgbà, n kò mọ̀.

Ó yẹ kí n dúró de ìyá àgbà. Ó yẹ kí n wá abẹ́rẹ́. N kò ṣe méjèèjì. Mo lọ sídìí ààrò, mo ki ìlẹ̀kẹ̀ náà bọ àárín ẹyin iná, mo ní kí ó wá wò ó bóyá yóò yọ́. A dúró. Kò yọ́, kò rùn. Ó ń pọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn òdòdó rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ológbò. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti borí rẹ̀, inú mi sì dùn fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà lójúde, ó ń kí àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi igi méjì gbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ náà jáde, mo sì jù ú sínú omi tútù kí ó lè tètè tutù kí ìyá àgbà tó wọlé.

Ó dún táà.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó wo inú omi. Ìdajì rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ìdajì kejì ṣẹ́ kù, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọmọ ilé kejì ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìyá àgbà kò nà mí. Ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé wọn síbi tí oòrùn wà, ó wò wọ́n pẹ́. Ó ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìwé.

"Dígí tó bá gbóná kì í fẹ́ omi," ó ní. "Èmi ni n kò sọ fún ọ."

Ó jókòó. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá dín lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í sí ẹni tí yóò gbé tirẹ̀ wá mọ́ ní gbogbo Oǹdó, iṣẹ́ yẹn nìkan ni a sì fi ń jẹun. Ọmọ Ìyá Oníkòkó náà wà níbẹ̀, tí yóò lọ sílé ọkọ pẹ̀lú ohun tó pé lọ́rùn ìyá rẹ̀ tí kò pé lọ́rùn tirẹ̀.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì jáde sí wa. Obìnrin dáadáa ni, ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi rọ́bà kan dí i. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn. Gèlè á bò ó. Ta ló ń ka ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jọ́ ìyàwó?"

Ìyá àgbà ní, "Ọrùn ọmọ náà á mọ̀."

Ó ní kí n gbé àwo kejì wá, kí n gbé e sábẹ́ àgbọ̀n òun. Ó mú ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń gé òwú, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn ara rẹ̀, ó sì gé òwú sẹ̀gi rẹ̀. Sẹ̀gi dà sínú àwo. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ti ń bọ́. Ó ṣa ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ láàárín wọn, ó fi kún ogún tó kù. Ó wá di mọ́kànlélógún.

Kò dúró de ọjọ́ tí wọn yóò jọ kà á. A sọdá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Oníkòkó ń yí kòkó padà lórí ẹní níta, òórùn rẹ̀ kan gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbà gbé àwo kalẹ̀. Ó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

Ìyá Oníkòkó ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ìyá àgbà kò dìde títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní ọ̀kan fọ́ nílé òun, ó ní òun fi ti ìyá òun dípò rẹ̀, ó ní bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó sọ ohun tí òun lè ṣe.

Ìyá Oníkòkó mú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Tiyín pupa," ó ní.

"Ó pupa."

"Ti ìyá yín tó wà lọ́rùn yín ni."

"Òun ni."

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí," ni ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí kò rí ọrùn, òkúta ni. Ọrùn tèmi ti gbé e pẹ́. Jẹ́ kí ti ọmọ rẹ náà gbé e."

Ìyá Oníkòkó wá kọjú sí mi. Mo ti dúró sẹ́yìn ìyá àgbà, mo pa ẹnu mi dé. "Ṣé ọmọ aláìléyín yìí ló ṣe é?"

"Òun ni."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì léyín. Ì bá ti jẹ ogún tó kù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi sunkún. Ìyá Oníkòkó ní ká máa mú àfọ́kù náà lọ, òun kò fẹ́ rí i.

Lọ́jọ́ ìyàwó, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń wo ọrùn ọmọ náà. Òdòdó pupa wà láàárín àwọn òdòdó búlúù. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì pé ẹni tó sín ìlẹ̀kẹ̀ yìí mọ iṣẹ́, pé ẹ wo bó ṣe fi pupa kan sí i láàárín. Ìyá àgbà gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan ní kòtò ọrùn rẹ̀, kò rí i.

Ìyà mi wá lẹ́yìn náà, bí a bá lè pè é ní ìyà. Ìyá àgbà da yanrìn kíkúnná sórí ọlọ, ó bu omi sí i, ó gbé ìdajì ìlẹ̀kẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ̀ ọ́. Orí ìka mi bó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo fọ̀ ọ́ nínú omi, mo gbé e sókè. Òdòdó náà wà lójú ibi tó ti fọ́, ó mọ́ kedere ju ti ara rẹ̀ lọ, bí ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo sáré gbé e tọ̀ ọ́ lọ.

Ó tún sẹ̀gi rẹ̀ sín. Nígbà tó dé àárín, níbi tí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó kọ́kọ́ ta kókó kan sára òwú, lẹ́yìn náà ló wá ki ìdajì yẹn bọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ni kókó náà wà fún. Ó ní ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti kúrò, ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ í sín kì í ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀ rí. A máa ta kókó síbẹ̀, kí ọwọ́ tí yóò tún un sín lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo ga ju gbogbo ọmọ kíláàsì lọ. Nígbà tó kú, wọ́n kó sẹ̀gi náà fún mi, wọ́n ní ó ní kí n fún ẹni tí mo bá fẹ́.

Mo fún un. Àkúrẹ́ ni mo ti ríṣẹ́, níbẹ̀ ni mo ti gbéyàwó, ibẹ̀ náà ni mo sì wà dòní. Ìyàwó mi kì í wọ nǹkan púpọ̀ sára, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi kò ní í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìsí sẹ̀gi yẹn. Bó bá wọ̀ ọ́ tán, a fi ìka kan yí ìdajì náà kí ojú dídán rẹ̀ lè kọ síta. Ó di ọdún kẹfà tó ti kú. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo kó sẹ̀gi náà sínú agolo bisikíìtì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọbìnrin wa ló wá mú ìlẹ̀kẹ̀ padà wọ inú ilé. Ó kàwé dé ibi tí èmi kò dé, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú ni kí ó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ ti òde òní. Ó gba yàrá kan ní Arákàlẹ́, ó ní wáyà idẹ, ó ní ẹ̀mú kéékèèké, a sì máa fi àfọ́kù ìlẹ̀kẹ̀ ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà. Nígbà kan ó fi nǹkan hàn mí nínú fóònù rẹ̀: àfọ́kù dígí tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ ní ìlú òkèèrè, tí ó ti pẹ́ ju ohun tí a lè kà lọ, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ìsinsìnyí sì fi sójú òrùka. Òdòdó wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀. "Ẹ wò ó, Dádì," ó ní. "Ilá yín rèé."

Lọ́dún yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìlárá-Mọ̀kín tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ wá bá a. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ aláràbarà wà lọ́rùn ìyá ìyá òun nígbà tí òun kéré, pé wọn kò rí i mọ́ lẹ́yìn tí màmá náà kú. Ó ní kí ọmọ mi bá òun wá ẹyọ kan péré, ojúlówó, kí ó fi ṣe ohun tí òun lè fi sọ́rùn lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ṣèlérí fún un. Ó rí méjìlá tó wà pọ̀ rà lórí fóònù, ẹni tó tà á ní àtijọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó kó méjèèjìlá wá sílé fún mi.

Mo fi wọ́n kan eyín mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó níwájú mi, ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo dé ìkẹjọ, ó ti mọ̀.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Kò sí èyí tó lóhùn níbẹ̀."

Ìgbéyàwó náà ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó àwọn rọ́bà náà jọ, ó ń tò wọ́n, ó ń tú wọn ká. Ó ní, "Dádì, kò lè mọ̀. Ta ló tún ń fi eyín kan ìlẹ̀kẹ̀ láyé ìsìnyí?"

Mo ti ọ̀kan tó yí sọ́dọ̀ mi padà sí i.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ̀rọ̀," ó ní.

Ó wo orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan. Ó tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò bèèrè. Bó bá bèèrè ni, ǹ bá ti sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ó kí mi, ó sì lọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi yí agolo náà ká. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé e sílẹ̀, mo ṣí i. Òórùn pàùdà ìyàwó mi ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé sẹ̀gi náà sọ́wọ́, ó tutù, ó sì wúwo. Mo wá ìdajì yẹn láàárín rẹ̀, mo wá kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ìka kan kókó náà. Ọdún mẹ́fà tí kò rí ọrùn. Mo fẹ́ ní nǹkan ìyàwó mi kan tí kò ní í kúrò lọ́dọ̀ mi, mo sì ti fi agolo sọ ọ́ di òkúta. Mo jókòó pẹ́ kí n tó mú ọ̀bẹ.

Mo gbé ìdajì náà àti sẹ̀gi tó kù lọ bá ọmọ mi ní Arákàlẹ́. Mo gbé ìdajì náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ti Mọ́mì ni," ó ní.

"Ti Mọ́mì ni."

"Kò dùn yín?"

"Ó dùn mí."

Ọmọ mi dúró, ó rò pé mo máa fi kún un. Ìyókù rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ ìtàn ìyá àgbà fún un láìmọye ìgbà.

Kò lu ihò mìíràn sí i. Ó fi wáyà idẹ tín-ín-rín yí i ká, ó jẹ́ kí ojú dídán rẹ̀ kọ síta. Ó wá mú sẹ̀gi tó kù, ó tún un sín sórí òwú tuntun níṣojú mi. Nígbà tó dé àárín, ó ta kókó kan fún ìyá ìyá àgbà mi, ó sì ta èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún Mọ́mì. N kò rán an létí. Ó fi sẹ̀gi náà sọ́rùn lọ sílé ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, n kò sì gbé agolo náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ayé ti yí. Kò sẹ́ni tó ń di hóró àgbàdo métí aṣọ mọ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn. Inú fóònù ni wọ́n ti ń ra nǹkan, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi eyín kan ohun tó wà nínú fóònù. N kò sọ pé gbogbo ti àtijọ́ ló dára. Abẹ́rẹ́ ìyá àgbà gba ọdún mélòó kan lọ́wọ́ mi tí ǹ bá fi kàwé. Ọmọ tèmi kàwé tán kó tó jókòó ti ìlẹ̀kẹ̀, òun ló sì yàn án fúnra rẹ̀. Èyí dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wò ó tó ń ta kókó kejì yẹn, mo rí i pé àwọn nǹkan kan kò gba inú ìwé kọjá.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo wà lẹ́bàá Ọjà Ọba, mo ń dúró de ọ̀kadà. Ọ̀dọ́bìnrin méjì dúró sí iwájú mi díẹ̀. Mo rí ohun tó wà lọ́rùn ọ̀kan. N kò mọ ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ idẹ yẹn, mo sì mọ òdòdó tó wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ̀ ọ́. Èkejì rẹ̀ gbé e sókè láyà rẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi kan eyín iwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òun náà gbọ́.

N kò sún mọ́ wọn. Ariwo ọjà pọ̀, ohùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe dún.